Iná Tó Ń Jíṣẹ́: Ìtàn Gbohùngbohùn Tí Kò Ní Bébà

Bí ẹnì kan bá dúró níwájú yín tó ní iná tí wọ́n fi ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà lè gbé ohùn olórin jáde ketekete, láìsí sípíkà kankan nítòsí, mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ pa yín. Ẹ máa ní ó ti yà bàrá níbi ẹmu. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Wọ́n ṣe é ní California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde nínú ìwé sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature ní oṣù Kọkànlá ọdún 1967. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí mo gbà pé ó kàn wá, pàápàá jù lọ àwa tí a wá láti Òkè-Ògùn.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ni ohùn gan-an? Ẹ wo onígángan. Ó fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, awọ gbọ̀n, awọ ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ti afẹ́fẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, títí ó fi dé etí yín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohunkóhun tó bá ti lè ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn kíákíá, tí ẹ sì lè darí rẹ̀, ó lè sọ̀rọ̀.

Nínú sípíkà rédíò, bébà ló rọ́pò awọ ìlù. Wáyà tí wọ́n ká rogodo wà ní ìdí bébà náà, mágínẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Bí iná mànàmáná tó ń gba inú wáyà bá ṣe ń lágbára tó sì ń rọlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bébà ń lọ síwájú tó ń bọ̀ sẹ́yìn. Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú èyí tí a mọ̀ dónìí jáde ní ọdún 1925. Iṣẹ́ ńlá ni. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé bébà wúwo. Ẹ lè rò pé kí ni ìwúwo bébà, àmọ́ ohùn tín-ín-rín, irú ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ń fẹ́ kí nǹkan lọ kó sì bọ̀ ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbẹ̀, bébà á máa wẹ̀yìn. Ohun tí kò wúwo rárá ni ì bá tọ́ sí iṣẹ́ yẹn.

Kí ni kò wúwo tó iná?

Àwa Yorùbá kọ́ ló yẹ kí èyí yà lẹ́nu jù. Ẹni tó bá dàgbà ní àgbègbè Ọ̀yọ́ ti gbọ́ ọ pé Ṣàngó ń yọ iná lẹ́nu. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí ẹ wo ohun tí ojú àwọn àgbà rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀: mànàmáná kọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni àrá sán. Ibi tí mànàmáná bá gbà kọjá, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń gbóná dé nǹkan bí 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìyẹn ju ìgbóná ojú oòrùn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná báyẹn lójijì kò ráyè dúró jẹ́ẹ́. Á bú jáde, á ti èyí tó yí i ká, èyíinì á ti ẹgbẹ́ rẹ̀, òun la gbọ́ tí a ń pè ní àrá. Iná ló sọ̀rọ̀. Kò lo awọ, kò lo bébà.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àrá àti orin ni pé àrá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Bí ẹ bá rí ọgbọ́n tí ẹ lè fi mú kí iná gbóná sí i, kó rọlẹ̀, kó tún gbóná sí i, ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn orin lẹ máa gbọ́. Ọgbọ́n yẹn ni àwọn èèyàn fi nǹkan bí igba ọdún wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ̀ pé òun ni àwọn ń wá.

Ní ọdún 1777, onímọ̀ kẹ́mísírì kan ní London tó ń jẹ́ Bryan Higgins fi páìpù gíláàsì bo ọwọ́ iná kékeré kan tó ń jó pẹ̀lú gáàsì hydrogen. Páìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fèrè. Àwọn èèyàn yà wá wò ó, wọ́n gbádùn rẹ̀, wọ́n lọ. Orin kan náà ni iná yẹn mọ̀, bíi ẹyẹ oko. Ẹ kò lè rán an níṣẹ́.

Ní ọdún 1858, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Le Conte, kọ̀wé nípa ohun tó rí níbi àpéjọ olórin kan. Iná gáàsì ni wọ́n fi tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé náà. Bí ẹni tó ń ta gòjé ńlá tí àwọn òyìnbó ń pè ní cello bá ti kan ohùn kan, iná ara ògiri á fò. Bí ohùn yẹn bá ti kọjá, iná á balẹ̀. Ó ní adití pàápàá ì bá fi ojú rí orin náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Tyndall ní Royal Institution, London, wá ń fi iná tín-ín-rín gíga kan han àwọn èrò. Tí ẹnì kan bá mi kọ́kọ́rọ́ ṣẹnrẹnṣẹnrẹn lọ́ọ̀ọ́kán, iná á súnkì wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí. Ìwé tó kọ lórí ohùn jáde ní ọdún 1867.

Ẹ kíyè sí ibi tí a dé. Ti Higgins, iná ń kọ orin tara rẹ̀. Ti Le Conte àti Tyndall, iná ń gbọ́. Kò tíì sí ẹni tó rán iná níṣẹ́ kó sì jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ti Heinrich Rubens ńkọ́? Ní ọdún 1905, òun àti Otto Krigar-Menzel ní Berlin lu ihò wẹ́wẹ́ sára páìpù gígùn kan, wọ́n fi gáàsì kún inú rẹ̀, wọ́n sì tan ihò kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe fi ohùn sí ìdí páìpù, ọwọ́ iná tò lọ bí ìgbì omi, gíga níhìn-ín, kúkúrú lọ́hùn-ún. Ó dùn ún wò, àwọn olùkọ́ físíìsì sì ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ń mú ohùn wá sí ìdí páìpù náà. Iná kàn ń jó ni, ẹ mú ìtumọ̀ méjèèjì níbẹ̀. Oníjó ni, kì í ṣe akọrin.

Àwọn tó sún mọ́ ọn jù ni àwọn oníná mànàmáná. Nígbà náà, àwọn iná ìgboro London kan máa ń tàn nípa pé iná mànàmáná ń fò láti orí èédú kan sí èkejì, ó sì máa ń kùn wùùù. Wọ́n ní kí William Duddell wá wo ìdí ariwo náà. Nígbà tó fi máa di 1899, ó ti rí ọ̀nà tó fi lè yan ohùn tí iná náà máa dún. Ó so bọ́tìnì bíi ti dùùrù mọ́ ọn, ó sì fi kọ orin létí àwọn ẹnjiníà. Ìkùnsínú àtùpà ìgboro ló sọ di orin yẹn o.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1900, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Chicago tó ń jẹ́ Lee de Forest ń dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò nínú yàrá. Ó rí i pé bí ẹ̀rọ òun bá ti ta iná pàrà, iná gáàsì tó fi ń ríran máa ń yí padà. Ó rò pé ìgbì rédíò ni iná náà ń gbọ́. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn ibi tí ẹ̀rọ wà, iná kò ṣe nǹkan kan mọ́: ariwo lásán ló ń gbọ́, bíi ti Le Conte. Ẹlòmíràn ì bá dá a dúró síbẹ̀. De Forest ní, kò burú, ṣùgbọ́n gáàsì gbígbóná kò wa lè gbé iná mànàmáná ni? Ní 1903 ó ti ki wáyà bọ inú ọwọ́ iná láti wádìí rẹ̀. Nígbà tó di 1906, ó ti kó ìwádìí náà sínú gílóòbù gíláàsì kan tó pè ní Audion, tí kò ní ọwọ́ iná nínú mọ́. Láti inú gílóòbù yẹn ni wọ́n ti rí ohun tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, tí rédíò àti gbohùngbohùn fi tàn ká gbogbo ayé. Inú ọwọ́ iná ni ọ̀nà rédíò gbà kọjá.

A wá dé 1967. Ní ìlú Sunnyvale, California, ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní United Technology Center, tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Iná ni gbogbo iṣẹ́ wọn dá lé. Mẹ́ta nínú àwọn èèyàn ibẹ̀, Cattaneo, Babcock àti Baker, mú iná wẹ́dà, èyí tí wọ́n fi ọ́síjìn àti gáàsì asẹ́tílìn dá. Wọ́n fi irin méjì sínú ọwọ́ iná náà, wọ́n gbé iná mànàmáná tó lágbára gan-an gba àárín wọn, wọ́n sì da iyọ̀ potassium díẹ̀ sínú iná. Ohùn orin láti inú amplifier ni wọ́n wá gùn lé iná mànàmáná náà. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Iyọ̀ yẹn ni ọgbọ́n ibẹ̀. Iná lásán lè gbé iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é tìkọ̀tìkọ̀. Potassium wà lára àwọn èròjà tó yá ọwọ́ jù láti jọ̀wọ́ electron rẹ̀ bí ooru bá ti mú un, electron wọ̀nyẹn ló sì ń gbé iná mànàmáná kọjá. Bí orin bá ti gbóhùn sókè, iná mànàmáná pọ̀ sí i, ọwọ́ iná gbóná sí i, afẹ́fẹ́ fẹ̀. Bí orin bá rọlẹ̀, afẹ́fẹ́ súnkì padà. Ní oṣù Karùn-ún 1968, ìwé ìròyìn Popular Electronics, tí àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn to rédíò ń kà, gbé ìròyìn náà. Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan ilé nìyí. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo sọ ìtàn yìí fún bùrọ̀dá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà lẹ́bàá títì ní Ìràwọ̀ Owódé. JSS 3 ló ti kúrò nílé ìwé lọ kọ́ṣẹ́. Ó gbé gíláàsì dúdú kúrò lójú, ó wò mí, ó ní:

"Alákọ̀wé, ṣé ẹ̀yin ọmọ yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ pé iná ń sọ̀rọ̀ ni? Etí ni mo fi ń yí gáàsì. Tí ọ́síjìn bá pọ̀ jù, á máa pariwo ṣìì, irin á jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Tí gáàsì kábáàdì bá pọ̀ jù, ohùn rẹ̀ á kú, á máa rú èéfín. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ bá tó balẹ̀ ni mo tó ń fi kan iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni."

Mo dákẹ́. Ohun tó sọ yẹn, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi rí. Ó wá bi mí pé kí ni àwọn òyìnbó náà fi sí i tó fi gba ohùn ẹlòmíràn. Mo ní irú iyọ̀ tó máa ń wà nínú eérú ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí òdìkejì títì, níbi tí ìyá kan ti ń sẹ́ eérú tó fẹ́ fi se ọṣẹ dúdú.

Kò parọ́. Ẹ sẹ́ eérú igi, ẹ gbẹ omi rẹ̀ lórí iná, nínú ohun funfun tó máa ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, iyọ̀ potassium ló máa ń pọ̀ jù. Orúkọ potassium gan-an, láti inú potash ni Humphry Davy ti mú un ní ọdún 1807, potash sì jẹ́ eérú inú ìkòkò ní èdè wọn. Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ àti àwọn aláró mọ omi yẹn kí Davy tó débẹ̀. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá ti hó dànù rí sórí iná gáàsì náà ti rí nǹkan tó jọ ọ́: ọwọ́ iná tó jẹ́ búlúù á ṣàdédé di pupa rẹ́súrẹ́sú. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ló ń fi ara hàn nínú iná.

Ẹ wá bá mi ka ohun tó wà ní ojú títì kan ṣoṣo ní Ìràwọ̀. Wẹ́dà wà níbẹ̀ tó mọ ohùn iná. Ìyá ọlọ́ṣẹ wà níbẹ̀ tó ní iyọ̀ eérú. Ilé kẹta sí i, ẹnì kan wà tó ń tún rédíò àti amplifier àwọn olórin ṣe, tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn gun iná mànàmáná. Gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì ní Sunnyvale wà lójú títì náà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni tábìlì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní owó ni kò sí, NẸ́PÀ, bí a ṣe ṣì ń pè é, kò mú iná wá. Òótọ́ ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ìtàn tí mo sọ. Duddell kò ra ìkùn àtùpà, de Forest kò ra iná gáàsì tó wà nínú yàrá rẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni àyè láti tẹ̀ lé ìbéèrè kan dé òpin, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n lè lọ bá tí kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wẹ́dà wa ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń bi í? Ìyá ọlọ́ṣẹ ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá fẹ́ fọ àwo nìkan la ń wá a lọ. Àwa tí a wà ní yunifásítì náà, àwọn ará físíìsì kì í yà sí ẹ̀ka kẹ́mísírì, àwọn méjèèjì kì í sì yà sí ọ̀dọ̀ àwa tó ń kọ ewì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Gbogbo wa la mọ òwe yìí sórí.

Ẹ wo bí gbohùngbohùn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò lọ sínú àpótí kéékèèké ní ilé àwọn èèyàn l'Ékòó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Ẹ kò lè yan ibi tí ẹ fẹ́ gbọ́; ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa gbọ́. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà dùn, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀: ó ń bá wa sọ̀rọ̀, kò fẹ́ gbọ́ tiwa. Mo bẹ̀rù pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí a ń kà ṣe ń ṣe sí àwọn èèyàn wa nílé. A ń sọ fún wọn, a kì í gbèsì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ tan iná wẹ́dà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Gáàsì asẹ́tílìn lè bú gbàmù, iná mànàmáná tí wọ́n ń gbé gba inú ọwọ́ iná sì lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà, sípíkà oníná kò borí ti bébà lọ́jà. Ó ń mu gáàsì, ó ń kùn lábẹ́ orin, ẹ kò sì lè gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bébà Rice àti Kellogg ló ṣì wà nínú rédíò àti fóònù gbogbo wa, tàbí ike tó gba ipò rẹ̀. Kì í ṣe ọjà ni mò ń polówó.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kéré. Bí a bá tún lọ sí ìsinmi, mo fẹ́ yá àga mẹ́ta àti tábìlì kan, kí n gbé e sí abẹ́ igi iwájú ilé wa. Àbẹ́là kan, mítà tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń wo wáyà, àti omi eérú díẹ̀ nínú ife. Kò sí sìlíńdà, kò sí iná mànàmáná tó lè pa èèyàn. Ìbéèrè kan péré la máa bi àbẹ́là náà: bí a bá fi omi eérú kan òwú rẹ̀, ṣé mítà máa yẹ̀? Bùrọ̀dá mi ti ní òun máa wá. Ó ní ìyá ọlọ́ṣẹ ní kí n kọ́kọ́ wá sọ fún òun irú eérú tí mo fẹ́, nítorí pé eérú kì í ṣe ọ̀kan náà. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.